Bàtà lẹ́nu ọ̀nà: ẹ̀yin ará Nẹ́dálándì, ṣé ẹ̀ ń bá wọn ṣe Sinterklaas?

Ìbéèrè tó dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n. Oṣù Kẹjọ la kó dé Eindhoven láti Ìbàdàn. Ọmọ mẹ́ta la kó dání: ọlọ́dún mẹ́sàn-án, ọlọ́dún mẹ́fà àti ọlọ́dún mẹ́rin. Lánàá ni wọ́n fi ìwé rán èyí àárín wálé láti ilé-ìwé, pé kó mú ẹsẹ̀ bàtà kan wá, Sinterklaas, bàbá ẹlẹ́bùn wọn, á fi nǹkan sínú rẹ̀ mọ́jú. Kó mú kárọ́ọ̀tì dání fún ẹṣin rẹ̀. Bàbá wọn ní ìbọ̀rìṣà pọ́ńbélé ni, pé ọmọ òun ò ní gbé kárọ́ọ̀tì fún ẹṣin tí kò sí. Èmi ò sì fẹ́ kí ọmọ mi nìkan jókòó lọ́tọ̀ nínú kíláàsì. Mo tún gbọ́ pé àwọn kan máa ń kun ojú ní dúdú. Ṣé òótọ́ ni? Ẹ̀bùn ńkọ́, ọjọ́ karùn-ún oṣù Kejìlá la ó fún wọn ni àbí ọjọ́ Kérésì? Owó wa ò ká méjèèjì. Ẹ gbà wá o.

———

Ẹ jẹ́ kí bàtà náà lọ sílé-ìwé. Ìdáhùn mi nìyẹn, àlàyé ló kù.

2013 la dé Rotterdam. Lọ́dún tá a dé gan-an la ṣe ohun tí bàbá wọn fẹ́ ṣe yìí. A kọ ìwé sí olùkọ́ pé ọmọ wa ò ní dá sí i. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà náà. Olùkọ́ ò bá wa jà, ó mú un lọ síbi tí wọ́n ń kówèé sí pé kó máa ya àwòrán. Lọ́jọ́ kejì, nǹkan wà nínú bàtà gbogbo ọmọ, kò sí nínú tiẹ̀. Ó délé, kò sunkún. Ó kàn bi mí pé, "Mọ́mì, kí ni mo ṣe?"

Ibẹ̀ lọ́rọ̀ ti yé mi. Ohun tí wọ́n ti ń kọ lórin ní kíláàsì láti ọjọ́ yìí ni pé ọmọ tó gbọ́ràn ni Sinterklaas ń fún ní nǹkan. Àwa rò pé ìgbàgbọ́ wa là ń dáàbò bò, ọmọ wa rò pé ìwà burúkú kan ni wọ́n ká mọ́ òun lọ́wọ́ tí òun ò mọ̀.

Fún ẹni tí kò mọ̀ ọ́n: Nicholas tó jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ìlú Myra, ní ilẹ̀ tó ti di Tọ́kì lónìí, ni wọ́n ń pè ní Sinterklaas. Ọjọ́ kẹfà oṣù Kejìlá ni ṣọ́ọ̀ṣì ń rántí rẹ̀, àmọ́ alẹ́ tó ṣáájú rẹ̀ làwọn ará ibí fi ń ṣe fàájì, wọ́n ń pè é ní pakjesavond, alẹ́ ẹ̀bùn. Bí oṣù Kọkànlá bá dé ìdajì, bàbá yìí á fi ọkọ̀ ojú omi tó ń rú èéfín gúnlẹ̀, wọ́n ní Sípéènì ló ti ń bọ̀, tẹlifíṣọ̀n á sì gbé e jáde bí ẹni pé ọba kan ló wọ̀lú. Láti ọjọ́ náà làwọn ọmọ á ti máa gbé bàtà sílẹ̀ lálẹ́, wọ́n á kọrin sí i, wọ́n á jí bá ọsàn kékeré tó rọrùn bó, ṣokoléètì, àti kruidnoten, bisikíìtì róbótó tó ń ta sánsán tó sì le kankan.

Òun náà ni wọ́n sọ di Santa Claus ní Amẹ́ríkà. Ìyẹn ni pé Father Christmas tí wọ́n ń mú wa lọ wò l'Ékòó àti n'Íbàdàn, tí wọ́n ń gbà owó kí wọ́n tó jẹ́ ká dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ọmọ-ọmọ bàbá yìí ni. Ẹ bi bàbá wọn bóyá kò ya fọ́tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyẹn rí.

———

Arákùnrin kan láti Den Haag fèsì pé irọ́ ni irọ́ ń jẹ́, pé ọmọ tí òbí bá parọ́ Sinterklaas fún, tó bá dàgbà kò ní gba Jésù tí òbí yẹn náà sọ fún un gbọ́. Àwọn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ṣe àmín sí i. Mo ti ń gbọ́ ọ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá.

Mi ò fọwọ́ rọ́ ọ sẹ́yìn, àmọ́ ó ní ohun tó ń bọ́ lára rẹ̀. Níbi tí mo dàgbà sí, bí egúngún bá jáde, ará ọ̀run ni. Gbogbo àgbà ló mọ ẹni tó wà lábẹ́ aṣọ, kò sẹ́ni tó ń dárúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin á dàgbà, wọ́n á mú un mọ awo, láti ọjọ́ náà lọ òun náà di ẹni tó ń pa á mọ́ fún àwọn kékeré. Mi ò rí i kó sọ pé irọ́ ni wọ́n ti ń pa fún òun. Báyìí gẹ́lẹ́ ni wọ́n ṣe ń ṣe Sinterklaas. Bí ọmọ bá fi máa tó bí ọdún mẹ́jọ, ó ti mọ̀. Inú rẹ̀ á dùn pé òun ti wọ ẹgbẹ́ àgbà, á wá máa ṣẹ́jú sí olùkọ́ lẹ́yìn àwọn àbúrò rẹ̀. (Ẹ má ka ìpínrọ̀ yìí sí bàbá wọn létí o. Ẹni tó ní kárọ́ọ̀tì lásán jẹ́ ìbọ̀rìṣà, èmi wá lọ fi egúngún ṣàlàyé fún un!)

Ọlọ́dún mẹ́sàn-án yín lọ̀rọ̀ kàn jù. Ẹ pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan lónìí, ẹ sọ òótọ́ fún un, kẹ́ ẹ sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ tú u síta. Ọmọ ọ̀rẹ́ wa kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé dìde nínú gbọ̀ngán ilé-ìwé, ó na ìka sí Sinterklaas, ó ní, "Bàbá ọmọ kíláàsì mi nìyí!" Gbogbo òbí tó ní ọmọ kékeré níbẹ̀ ló pe ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ní kíláàsì ọlọ́dún mẹ́sàn-án yín, ọ̀rọ̀ bàtà ti tán. Wọ́n á kọ orúkọ sí ìwé pélébé, oníkálukú á mú ọ̀kan, ẹni tó bá bọ́ sí ọ lọ́wọ́ lo máa ra nǹkan fún, kò sì gbọdọ̀ mọ̀ pé ìwọ ni. Wàá fi páálí àti gọ́ọ̀mù kọ́ ohun tí ẹ̀bùn náà máa fara pamọ́ sí, surprise ni wọ́n ń pe ìyẹn. Bí ọmọ náà bá fẹ́ràn bọ́ọ̀lù, o lè kọ́ pápá odindi. Wàá tún kọ ewì tó ń fi onítọ̀hún ṣe yẹ̀yẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ibí yìí làwọn ọmọ wa ti ń dára. Bí ẹ bá ti gbọ́ bí àwọn ìyàwó ilé ṣe máa ń fi orin sọ òkò ọ̀rọ̀ síra wọn rí, ẹ ti mọ ohun tí wọ́n ń wá. Kí ẹ sáà ti mọ̀ pé òbí ló máa ń ṣe ìdajì iṣẹ́ páálí náà, pé alẹ́ tó kù ọ̀la ni ọmọ sì máa rántí pé gọ́ọ̀mù ti tán nílé.

———

Ọ̀rọ̀ ojú dúdú.

Òótọ́ ni. Ìránṣẹ́ Sinterklaas ni wọ́n ń pè ní Piet. Nígbà tá a dé, bí gbogbo wọn ṣe rí nìyí: òyìnbó tó kun ojú dúdú kirikiri, ètè pupa, wíìgì irun kíká, yẹtí góòlù. Zwarte Piet lorúkọ rẹ̀, Piet Dúdú. Wọ́n á ní ihò èéfín ló gbà wọlé, pé èédú ló kùn ún lójú. Mo máa ń bi wọ́n pé irú èédú wo ló ń ká irun, tó tún ń fi yẹtí séèyàn létí.

Olùkọ́ kan ní Amsterdam tó ń jẹ́ Jan Schenkman tẹ ìwé ọmọdé kan jáde ní 1850. Nínú rẹ̀ ni Sinterklaas ti ní ìránṣẹ́ tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ibẹ̀ náà ló ti fi ọkọ̀ ojú omi wá láti Sípéènì. Ní 1863 ni ìjọba Nẹ́dálándì tó fòpin sí oko ẹrú ní Suriname, ilẹ̀ tí wọ́n ń ṣàkóso nígbà náà ní Gúúsù Amẹ́ríkà. Ẹ ṣírò rẹ̀ fúnra yín.

Ní 2011, ajàfẹ́tọ̀ọ́ méjì, Quinsy Gario àti Jerry Afriyie, wọ ẹ̀wù tí wọ́n kọ ọ́ sí láyà pé ẹlẹ́yàmẹ̀yà ni Zwarte Piet, wọ́n lọ dúró níbi tí Sinterklaas ti ń wọ Dordrecht. Ọlọ́pàá fipá mú wọn lọ. Látìgbà náà, bí oṣù Kọkànlá bá ti ń sún mọ́lé ni ìjà náà ń jí. Ní 2017, àwọn kan fi mọ́tò dí ọ̀nà márosẹ̀ A7 ní Friesland kí bọ́ọ̀sì àwọn tó fẹ́ fẹ̀hónú hàn má baà dé Dokkum, níbi tí Sinterklaas ti ń wọ̀lú lọ́dún náà. Ní 2019 tí Sinterklaas wọ Apeldoorn lójú tẹlifíṣọ̀n, kò sí olójú dúdú kankan láàárín àwọn Piet mọ́, èédú díẹ̀díẹ̀ lẹ́rẹ̀kẹ́ ni. Nígbà tó di 2020, Mark Rutte tó jẹ́ olórí ìjọba nígbà náà sọ nílé aṣòfin pé ojú tí òun fi ń wo ọ̀rọ̀ náà ti yàtọ̀ sí tàtijọ́.

Mo sọ gbogbo èyí nítorí arábìnrin tó ní, "Kí ló kàn wá ńbẹ̀, ṣebí iṣẹ́ la wá ṣe." Ó kàn wá, ẹ̀gbọ́n. Ní 2015, wọ́n pe àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ síbi iṣẹ́ ọkọ mi wá gba ẹ̀bùn. Ọ̀kan nínú àwọn Piet náà bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú ọmọbìnrin mi, ó fẹ́ dá a lẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ò tiẹ̀ nílò ọ̀dà." Àwọn tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà bá wọn rẹ́rìn-ín. Lálẹ́, mo bá a nílé ìwẹ̀ tó ń fi kànìnkànìn bó apá rẹ̀, ó ní òun fẹ́ wò ó bóyá ó máa ṣí. Ọkọ mi tí kò fọhùn níbi àríyá jókòó ti kọ̀ǹpútà lóru ọjọ́ yẹn, ó kọ lẹ́tà sí ọ̀gá wọn. A ò padà lọ fún ọdún mẹ́ta, títí wọ́n fi kó ọ̀dà náà dànù.

Bàbá kan tó ń gbé abúlé kan lẹ́bàá Groningen kò gbà pẹ̀lú mi. Ó ní ojú dúdú ni wọ́n ṣì ń kùn lọ́dọ̀ àwọn, pé àwọn ará abúlé náà fẹ́ràn ọmọ òun bí ẹyin ojú, wọn ò sì ní èrò ibi. Mo gbà á gbọ́ délẹ̀délẹ̀ pé wọ́n fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Ẹni tó sọ̀rọ̀ ọ̀dà sí tèmi náà fẹ́ràn rẹ̀, ó tún fi ṣokoléètì kún ti ọwọ́ rẹ̀.

Àwọn tó wá ní ká pa gbogbo rẹ̀ tì pátápátá, tìyẹn náà ò ṣeé ṣe. Nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ilé-ìwé fi ń ṣe kìkì Sinterklaas: ìṣirò, orin, àwòrán, òun náà ni. Ibo lẹ fẹ́ gbé ọmọ sá sí? Ẹ lọ bá olùkọ́ ní oṣù Kẹsàn-án tàbí Kẹwàá, nígbà tí wọn ò tíì ra nǹkan kan, tí ara gbogbo èèyàn sì ṣì balẹ̀. Ẹ bi í pé Piet wo ni wọ́n ń lò. Tó bá ní roetveegpiet, eléèédú ẹ̀rẹ̀kẹ́ nìyẹn, ọ̀rọ̀ tán. Tó bá ní tàtijọ́, ẹ sọ wọ́ọ́rọ́wọ́ pé ọmọ yín ò ní sí nínú gbọ̀ngán lọ́jọ́ náà, kẹ́ ẹ kọ ìdí rẹ̀ sílẹ̀ fún MR, ìgbìmọ̀ tí àwọn òbí àti olùkọ́ jọ ń ṣe, gbogbo ilé-ìwé ló ní i. Ọkọ mi ti wọ̀ ọ́ rí. Kọfí wọn ò dùn, àmọ́ ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pinnu nǹkan.

Fún ti ọdún yìí, oṣù Kẹwàá ti kọjá lọ́rùn yín. Ẹ pè wọ́n lọ́la.

———

Owó ńkọ́? Àwọn òyìnbó gan-an ò fohùn ṣọ̀kan. Ilé kan ń ṣe é ní ọjọ́ karùn-ún, òmíràn ń kó o sábẹ́ igi Kérésì, àwọn tápò wọn jìn ń ṣe méjèèjì. Tiwa ni pé ọjọ́ karùn-ún ni ẹ̀bùn, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni aṣọ tuntun, ìrẹsì, adìyẹ, àti kí á pe àwọn màmá nílé lórí fídíò. Ohun tí ẹ ò bá dá sílẹ̀, ọmọ ò ní bi yín léèrè rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù àlòkù tí wọ́n ń pè ní kringloop kún fún ohun ìṣeré tó ṣì dára.

Ti bàtà, ẹ sọ fún wọn pé òru Sátidé nìkan ni ẹṣin ń gba àdúgbò yín kọjá. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ kó di alaalẹ́, kì í tán bọ̀rọ̀.

Ẹ ra lẹ́tà ṣokoléètì, ìyẹn ò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀: lẹ́tà tó bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọ ni. Ìwọ̀n kan náà ni wọ́n máa ń ṣe é, kí ẹni tó ń jẹ́ I má baà sọ pé ẹni tó ń jẹ́ M rẹ́ òun jẹ. Ọ ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ ọmọkùnrin mi. O lásán ló wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó wò ó títí, ó ní, "Èyí kì í ṣe tèmi." Mo yọ́ ṣokoléètì díẹ̀, mo fi lẹ kruidnoot kan mọ́ ọn nídìí. Ọdọọdún la ń ṣe é báyìí. Ó ní òun nìkan ni lẹ́tà òun ní jàrá.

Ìyá àgbà tó wà ní ilé kejì wa tún ní igi Kérésì kò gbọdọ̀ wọlé kí Sinterklaas tó lọ. Mo ń pa òfin náà mọ́ nítorí tirẹ̀. Àwọn ṣọ́ọ̀bù ò kà á sí.

———

Ẹnìkan ní ká fi bàtà sílẹ̀, ká sọ ohun tí wọ́n ń jẹ. Ó dáa, ẹ jẹ́ n yà bàrá.

Kérésì 2014, àwọn aládùúgbò wa pè wá wá jẹun alẹ́. Mi ò dáná láàárọ̀, mi ò jẹun ọ̀sán, mo fi àyè sílẹ̀ nínú ikùn. A wọ léèsì. A dé ibẹ̀ ní aago márùn-ún gérégé bí wọ́n ṣe wí. Ohun tó wà lórí tábìlì ni ààrò kékeré kan tó ń lo iná mànàmáná, páànù pínníṣín bíi ti ọmọlangidi yí i ká, àti ẹran tútù tí wọ́n gé wẹ́wẹ́. Búrẹ́dì, bọ́tà, ọbẹ̀ inú ìgò oríṣiríṣi. Mo ń wo ẹnu ọ̀nà kíṣìnnì pé ibẹ̀ ni oúnjẹ á ti jáde. Ọkọ mi fi Yorùbá bi mí pé, "Ṣé wọ́n pè wá wá jẹun ni àbí wọ́n pè wá wá dáná?"

Gourmetten nìyẹn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan á yan ẹran tirẹ̀, díẹ̀díẹ̀, á jẹ ẹ́, á tún yan òmíràn. Lọ́jọ́ náà, ebi pa mí padà sílé, mo lọ gbé ìkòkò ẹ̀bà kaná ní aago mọ́kànlá òru. Ṣùgbọ́n mo ti wá rí ọgbọ́n inú rẹ̀. Kò sí ìyàwó ilé kankan tó há sí kíṣìnnì. Wákàtí mẹ́rin la fi jókòó, ọ̀rọ̀ tá a sọ lálẹ́ yẹn ju gbogbo èyí tá a ti sọ lórí àtẹ̀gùn láti ọdún tó ṣáájú. Báyìí, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń bọ̀. Mo ń fi yájì ra ẹran náà láti òru ọjọ́ tó ṣáájú, ọkùnrin ilé náà máa ń sunkún ata, kò sì ní dúró. Ẹ ṣí fèrèsé o. Òórùn rẹ̀ ń gbé inú kọ́tìnì fún ọjọ́ mẹ́ta.

Ohun kan tí wọn ò mọ̀ níbí, tá a wá fi kọ́ wọn, ni ká bo abọ́ oúnjẹ kí ọmọ gbé e lọ fún ará ilé kejì láìsọ tẹ́lẹ̀, bí a ṣe máa ń ṣe nílé, tí Mùsùlùmí ń jẹ ìrẹsì Kérésì wa, tí àwa náà ń retí ẹran Iléyá wọn. Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹni tó wà lókè wa rò pé a fẹ́ tọrọ nǹkan ni. Ọdún kejì, ó dá abọ́ padà pẹ̀lú kerststol, búrẹ́dì Kérésì wọn tí wọ́n fi èso àjàrà gbígbẹ sí.

———

Ẹ máa gbọ́ nípa oúnjẹ alẹ́ Kérésì ilé-ìwé láìpẹ́. Wọ́n á lẹ ìwé mọ́ ilẹ̀kùn kíláàsì kí òbí kọ ohun tó máa gbé wá. Ẹ kọ tiyín kíákíá, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ife àti abọ́ oníke nìkan ló máa kù fún yín láti rà. Ẹnìkan ní ká má gbé oúnjẹ wa lọ, pé àwọn ọmọ òyìnbó ò ní fọwọ́ kàn án. Ẹlòmíràn ní ká se jọlọ́ọ̀fù tí kò ní ata. Ìyẹn kì í ṣe jọlọ́ọ̀fù, ìrẹsì pupa ni.

Ẹ gbé pọfpọ́ọ̀fù lọ. Wọ́n ti mọ ìbátan rẹ̀, oliebol, tí wọ́n ń dín lójú pópó láti oṣù Kọkànlá, tí gbogbo ilé sì ń jẹ ní ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún: ìyẹ̀fun, ìwúkàrà, èso àjàrà gbígbẹ, ṣúgà lẹ́búlẹ́bú lórí rẹ̀. Mílíìkì àti ẹyin sábà máa ń wà nínú tiwọn. Kò sí nínú tèmi, torí náà ọmọ tí ara rẹ̀ kọ mílíìkì tàbí ẹyin lè jẹ ẹ́, ẹ kọ ohun tí ẹ fi sí i mọ́ ẹ̀gbẹ́ abọ́. Mo kọ "oliebollen ti Nàìjíríà" sórí ìwé náà kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n. Ọ̀rẹ́ mi kan bínú, ó ní mo ti fi orúkọ ẹlòmíràn pe ọmọ wa. Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ abọ́ ṣófo padà wá sílé.

———

Ìyá àwọn ọmọ ti padà wá bá wa. Ó ní Piet eléèédú ni wọ́n ń lò níléèwé wọn, pé bàbá wọn ti gbà, àwọn ọmọ á kọ́kọ́ gbàdúrà kí wọ́n tó kọrin sí bàtà. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó wá ń bèèrè bí wọ́n á ṣe ṣe ti ọjọ́ karùn-ún nílé.

Ẹ wá àpò ìdọ̀họ, irú èyí tí wọ́n ń kó ẹ̀pà sí nílé. Ẹ kó ẹ̀bùn sí i, ẹ fi pamọ́ sọ́dọ̀ aládùúgbò, ẹ bẹ̀ ẹ́ kó gbé e sẹ́nu ọ̀nà yín ní aago méje alẹ́, kó gbá ilẹ̀kùn gbàgà-gbàgà lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kó sì sá wọlé. Kò sí òyìnbó tó máa kọ̀ ọ́. Gbogbo wọn ló mọ̀ ọ́n ṣe, àwọn arúgbó inú wọn ló ń gbádùn rẹ̀ jù. Kí bàbá wọn jókòó sórí àga pẹ̀lú àwọn ọmọ nígbà náà, torí wọ́n á ka orí gbogbo ẹni tó wà nínú yàrá.

Ti Sátidé yìí, tí wọ́n bá ti sùn, ẹ má kàn kó nǹkan sínú bàtà kẹ́ ẹ lọ sùn. Ẹ gé kárọ́ọ̀tì náà jẹ, kẹ́ ẹ fi ìdí rẹ̀ sílẹ̀ pẹ̀lú ojú eyín. Òun ni wọ́n máa kọ́kọ́ wò láàárọ̀.